Àlejò Tí Kò Fẹ́ Bọ́ńpà Onírin

Ohun tó kọ́kọ́ ya Delmas Cogar lẹ́nu nípa ọkùnrin náà ni pé kò gbé ọkọ̀ wá. Ta ló ń wá sí ṣọ́ọ̀bù Harless láìní ọkọ̀? Orí òkè ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún wà, ní West Virginia lọ́hùn-ún, igi ló yí i ká bí irùngbọ̀n ṣe ń yí ẹnu àgbàlagbà ká. Ẹni tó bá dé ibẹ̀, ọkọ̀ ló gbé e dé, ọkọ̀ náà á sì ti fọ́ níbì kan. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí jókòó jẹ́ẹ́ sórí táyà àlòkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ó wọ kóòtù aláwọ̀ ilẹ̀, ọrùn rẹ̀ gùn, ẹnu rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún sósì bí ẹnu ẹni tó ń jẹ obì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀.

"Ta nìyẹn?" Delmas bi Harless ní ohùn jẹ́jẹ́.

Harless ni jórinjórin tó ni ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣí ìbojú rẹ̀ sókè, ó wo àlejò náà láti orí dé ẹsẹ̀. "Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo rò pé ìwọ lo gbé e wá."

"Èmi? Èmi nìkan ni mo dé."

"Á jẹ́ pé ará ilé iṣẹ́ adójútòfò ni. Àwọn yẹn ló máa ń yọ síni láìjẹ́ pé a pè wọ́n."

Bí wọ́n ṣe pa ọ̀rọ̀ náà tì nìyẹn, nítorí ọ̀rọ̀ tó gbé Delmas wá kò fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀fíntótó. Ọ̀rọ̀ bọ́ńpà ni. Ẹ má sì rò pé nítorí ẹwà ọkọ̀ ni o. Zella ìyàwó rẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, lọ́jọ́rú, lọ́jọ́ Ẹtì, ó di dandan kí Delmas gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè, níbi tí ẹ̀rọ ti ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, àgbọ̀nrín kan fò jáde nínú igbó ní orígun kan báyìí lójú ọ̀nà, ó fi gbogbo ara lu iwájú ọkọ̀ wọn. Bọ́ńpà fọ́, rédíétọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fọ́, omi gbígbóná dà sílẹ̀ ṣọ̀ọ̀. Ọkọ̀ wọlé mẹkáníìkì, kò jáde bọ̀rọ̀. Kó tó jáde, Zella ti wú. Ojú ẹ̀ wú, ẹsẹ̀ ẹ̀ wú, orí bẹ́ẹ̀dì ló wà tó ń mí bí ẹni tó ń gun àkàsọ̀. Dókítà wò wọ́n lójú, ó ní irú ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tún ṣẹlẹ̀ mọ́, pé ara Zella kò ní gbà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹlòmíì ì bá sọ pé kí aládùúgbò gbé e. Aládùúgbò kan ṣoṣo tí wọ́n ní lórí òkè náà ni bàbá Purdy. Bàbá Purdy ò ríran kọjá imú ọkọ̀ rẹ̀ mọ́, ó kàn kọ̀ láti gbà bẹ́ẹ̀ ni. Zella ní kàkà kí òun bá Purdy wọ ọkọ̀, òun á kúkú jókòó sílé kí òun máa wú lọ.

Ìdí nìyẹn tí Delmas fi dúró ní ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ rẹ̀ wà níta, rédíétọ̀ nìkan ni mẹkáníìkì tún ṣe, okùn àti wáyà ló fi so iwájú ẹ̀ pọ̀ bí ìgbà tí ẹni tí eyín ń dùn fi gèlè di ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Bọ́ńpà tí àgbọ̀nrín ò ní lè fọ́ ni kí o fún mi," ó wí.

Inú Harless dùn. Ó ti to bọ́ńpà rẹ̀ sí ara ògiri, ó ń fi wọ́n hàn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìyá tó ń fi àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ han ẹni tó ń wá ìyàwó.

"Wo èyí. Ike ni. Irú èyí tó wà lára ọkọ̀ rẹ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ó fúyẹ́, kò ní dípẹtà láyé. Bó bá gbá nǹkan díẹ̀, á tẹ̀, á sì padà sípò. Bó bá gbá àgbọ̀nrín ńkọ́? Ó dàbọ̀."

"Ìyẹn ti jáde. Òmíràn."

"Alumíníọ̀mù nìyí. Òun náà fúyẹ́, ó sì le ju ike lọ. Àléébù ẹ̀ ni pé bó bá ti tẹ̀, ó tẹ̀ nìyẹn. Olóríkunkun ni. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń padà sẹ́yìn."

"Ó jọ bàbá ìyàwó mi. Òmíràn."

Harless bá na ọwọ́ sí èyí tó kẹ́yìn, ojú rẹ̀ sì tàn. "Irin rèé! Ọwọ́ ara mi ni mo fi jó o. Wo bó ṣe nípọn, wo ọ̀pá tó gòkè wá yìí, ó ń dáàbò bo iná iwájú, ó ń dáàbò bo rédíétọ̀. Ó wúwo ṣá, mi ò ní parọ́ fún ọ. Iwájú ọkọ̀ á tẹ̀ díẹ̀, á sì máa mu epo bí ọ̀mùtí. Ṣùgbọ́n àgbọ̀nrín tó bá forí sọ èyí, ó ti bá ayé ṣe ìpàdé ìkẹyìn."

"Bó fẹ́ mu epo, kó mu," Delmas wí. "Òun náà ni mo fẹ́."

Ìgbà náà ni àlejò náà sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kéré, ó dà bí ìgbà tí ẹsẹ̀ tẹ ewé gbígbẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn... ìbàdí nìyẹn máa ń fọ́."

Àwọn méjèèjì yíjú.

"Ike, eegun ìhà ni," àlejò náà ń bá a lọ, ó rọra ń tọ́ka sí wọn. "Bí Ọlọ́run bá ṣe é, ẹni náà á tiro dìde. Alumíníọ̀mù, ẹsẹ̀ iwájú. Ṣùgbọ́n irin yẹn kì í dá ẹnì kankan sí." Ó mi orí. Bó ṣe mi orí yẹn, Delmas rí i pé etí rẹ̀ ọ̀tún yí sẹ́yìn, ti òsì dúró sípò tirẹ̀.

"Dókítà ni yín ni, ọ̀gá?" Harless bi í.

"Rárá o. Ẹbí aláìsàn ni mí."

Harless bú sẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ yìí dùn. Ó fa ìbojú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó tan iná ìjórin láti parí iṣẹ́ kan tó wà nílẹ̀. Nínú ìmọ́lẹ̀ búlúù náà, Delmas ṣèèṣì wo ojú àlejò. Ojú náà tàn padà. Àwọ̀ ewé ló tàn, ó tóbi, ó rọ̀gbọ̀tọ̀ bí àwo. Delmas yára gbé ojú kúrò níbẹ̀, ó wo ilẹ̀, bàtà ọkùnrin náà ló tún rí: bàtà dúdú, kékeré, ó gùn ṣóńṣó, ẹni tó rán an sì ti pín in sí méjì níwájú.

Ara bu Delmas máṣọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tó níyàá ni Delmas. Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ pé bí ìwọ àti àlejò bá jókòó síbi kan tí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, fún un ní oúnjẹ. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa ọ̀rá kékeré kan yọ. Ẹran gbígbẹ ló wà nínú ẹ̀, bíi kílíṣí tiwa níbí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín pé lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀, àgbọ̀nrín tó bá kú sí iwájú ọkọ̀ rẹ kì í ṣòfò. Wàá pe àwọn aláṣẹ igbó, wọ́n á ní kí o máa gbé e lọ, ó di tìrẹ. Èyí tó fọ́ ọkọ̀ Delmas, ó gbé e lọ sílé. Ó sá díẹ̀, ó fi díẹ̀ ṣe sọ́séèjì, ìyókù ń bẹ nínú fíríìsà. Kò sì sí ohun tí àwọn ará orí òkè yẹn fi ń yẹ́ àlejò sí ju ẹran tí wọ́n fọwọ́ ara wọn sá lọ. Delmas ju ọ̀kan sẹ́nu ara rẹ̀, kí àlejò lè mọ̀ pé kò sí májèlé níbẹ̀, ó sì na ọ̀kan sí i.

"Ẹ fi èyí panu, ọ̀gá. Èmi ni mo fi ata àti ṣúgà pupa sá a fúnra mi."

Àlejò náà gbà á. Kò jẹ ẹ́. Ó gbé e súnmọ́ imú. Imú ọ̀hún tutù, ó ń dán. Ó fín in lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un fín. Harless ti pa iná ìjórin. Igi tó ń jó nínú sítóòfù nìkan ló ń dún pápápá. Omijé kan ṣoṣo bọ́ lójú ọkùnrin náà, ó ṣàn tààrà gba ojú tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀.

"Háà," ó wí. "Àbúrò mi nìyí."

Ó yí ẹran náà padà lọ́wọ́.

"Láti ìgbà tí ewé ti ń wọ́ ni mo ti ń wá a kiri."

Ẹran ṣì wà lẹ́nu Delmas o! Ó ti jẹ ẹ́ dé ìdajì. Bó bá tu ú, ó wọ́ òkú ẹni ẹlẹ́ni nílẹ̀. Bó bá gbé e mì, ta ló ń gbé àbúrò ẹni mì lójú ẹni? Ó dúró, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan wú bí ti ẹni tí kòkòrò ta.

"Ẹ gbé e mì," àlejò náà sọ pẹ̀lú sùúrù. "Ó ti dé ibẹ̀ ná."

Delmas gbé e mì. Ẹran náà lọ tìjàtìjà. "Ẹ má bínú, sà. Mi ò mọ̀. Ọlọ́run gbọ́, mi ò mọ̀. Ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Ó máa ń kánjú jù, láti kékeré. Ìyá wa á ní kó wo ọ̀tún kó wo òsì, ó ti bẹ́." Ó tún ẹran náà fín, ó rọra dì í sínú àpò kóòtù rẹ̀. "Ata rẹ̀ ló pọ̀ jù."

Lẹ́yìn náà ló dìde, ó sì súnmọ́ Delmas tó fi gbọ́ òórùn rẹ̀: òórùn ewé tí òjò pa. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"A mọ ìyàwó yín. A máa ń rí i láàárọ̀, tó bá fi orí ti gíláàsì ọkọ̀. Ara rẹ̀ ò yá. Ẹ gbọ́ mi. Bí ẹ bá fi ike síwájú ọkọ̀, èmi fúnra mi á máa di àwọn ọmọ wa mú lójú ọ̀nà yẹn nígbà tí ẹ bá ń kọjá. Kò sí èyí tó máa fara kàn yín. Bí ẹ bá fi irin síwájú, kò burú. Kálukú á máa ṣe tirẹ̀."

Ó kí wọn, ó jáde. Wáyà tí Harless fi ṣọgbà ga ju ènìyàn lọ, géètì sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọkùnrin náà ò wo géètì. Ó kàn fò. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló ká sókè, kóòtù ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó bọ́ sí òdìkejì láìdún, igbó sì gbé e mì.

Harless na ọrùn wo igbó náà. Ó yọ ìbọ̀wọ́ kan, ó tún un wọ̀.

"Àwọn ará adójútòfò yìí," ó wí nígbẹ̀yìn, "wọ́n ti ń kọ́ wọn ní eré ìdárayá báyìí."

*

Zella ń bó èso ápù nínú ìdáná nígbà tí Delmas wọlé. Ó sọ gbogbo ẹ̀ fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́. Zella kò bó ápù mọ́.

"O fún ọkùnrin náà lẹ́ran àbúrò ẹ̀ jẹ?"

"Mi ò mọ̀ pé àbúrò ẹ̀ ni!"

"O sì kó ata sí i."

"Zella!"

"Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ata rẹ ti ń pọ̀ jù. Ó di kí àgbọ̀nrín wá sọ ọ́ kó o tó gbọ́."

Delmas jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. "Harless ní irin ni ká fi síbẹ̀, ọkàn mi náà sì ní irin ni. Bí ọkọ̀ yẹn bá tún fọ́, Zella, ṣé o rántí bó o ṣe rí lọ́jọ́sí? Mo ń ka èémí rẹ láti ìdájí. Ṣé kí n wá gbé ẹ̀mí rẹ lé ọ̀rọ̀ ẹnu àgbọ̀nrín?"

"Ọ̀rọ̀ ẹnu ta ni mo ti ń gbé e lé láti ọjọ́ yìí? O ní wàá tún òrùlé ìdáná yìí ṣe. Gbé ojú sókè."

Delmas kò gbé ojú sókè. Ó mọ ohun tó wà níbẹ̀, ó sì mọ garawa tó wà lábẹ́ ẹ̀.

Zella rẹ̀rín díẹ̀, ó wá dẹ ohùn. "Gbọ́, ọkọ mi. Èmi ni mò ń wú, jẹ́ kí èmi yàn. Ẹni tí wọ́n gbé ẹran àbúrò rẹ̀ fún, tó lè fò mọ́ ẹ lọ́fun, tó wá ní ata ló pọ̀: ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òpùrọ́. Ike ni kó o lọ gbà. Ṣùgbọ́n kó o tó lọ, ṣí fíríìsà."

"Kí ni mo fẹ́ mú níbẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. A máa sin ín."

Ẹ ò rí ojú ọkùnrin náà! "Gbogbo ẹ̀ kẹ̀? Sọ́séèjì náà ńkọ́?"

"Sọ́séèjì náà kì í ṣe ara àbúrò ẹ̀ ni?"

"Èyí tí mo fi èéfín yan?"

"Delmas Cogar."

Ó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, lábẹ́ igi tó tutù jù lọ, ó kó ẹran náà sí i, Zella dúró tì í, ó fi ìbora bo èjìká. Delmas ṣí fìlà. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ìsìnkú, ṣùgbọ́n kò sí àdúrà tí wọ́n kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì fún sọ́séèjì. Ó kàn ní, "Ó dùn lẹ́nu. Ẹ má bínú." Zella ní àmín. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́ rárá, ṣùgbọ́n igbó tó wà lẹ́yìn ọgbà mì láti ọ̀tún dé òsì, bí ìgbà tí èrò púpọ̀ bá dìde ńlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tó padà sí ṣọ́ọ̀bù, Harless kò fẹ́ gbà.

"Ike? Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo sọ? Nítorí wèrè kan tó mọ fífò?"

"Zella ló yàn án."

Harless kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó ń fún nọ́ọ̀tì bọ́ńpà náà le, kò gbé ojú sókè. "Bí nǹkan kan bá ṣe obìnrin yẹn lójú ọ̀nà, Delmas, má wá sọ́dọ̀ mi wá sunkún. Mo ti sọ tèmi."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Delmas lára ju òtútù lọ. Ó wakọ̀ lọ sílé pẹ̀lú ike dúdú kan níwájú, ẹ̀ẹ̀mejì ló fẹ́ yí padà.

*

Lọ́jọ́rú, wọ́n jí bá kùrukùru tó nípọn bí ẹ̀kọ mímu. Àwọn òṣìṣẹ́ ojú títì ti da iyọ̀ sí ọ̀nà kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ náà, tí àgbọ̀nrín ò lè rí kó má lá, ń ta sára ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ. Delmas di ìdarí mú bí ẹni tó di ọrùn ejò. Zella fi orí ti gíláàsì. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ń gbọ́ odò nísàlẹ̀ òkè, níbi tí afárá wà, ó ń hó.

Wọ́n dé orígun náà. Delmas tẹ bíréèkì.

Àgbọ̀nrín ni. Ẹ má rò pé ẹ̀bá títì ni wọ́n wà o. Àárín títì ni wọ́n dúró sí, láti etí kan dé èkejì, akọ, abo, ọmọ, kò sí èyí tó mira. Èémí wọn ń jáde bí èéfín. Ojú wọn tàn nínú iná ọkọ̀, ó pọ̀ bí iná ìlú.

"Ó parọ́!" Delmas pariwo. "Zella, ó parọ́ fún wa! Ó ní òun á dì wọ́n mú!"

Ó tẹ fèrè. Kò sí èyí tó yà. Ká ní irin ló wà níwájú ọkọ̀ yẹn ni, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ì bá ti fẹsẹ̀ tẹ epo, ì bá la àárín wọn kọjá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tiẹ̀ ti wà lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ike ni, rédíétọ̀ ń bẹ lẹ́yìn ike, Zella ń bẹ lẹ́yìn rédíétọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò.

Akọ ńlá kan jáde láàárín wọn, ọrùn rẹ̀ gùn. Ó wo Delmas, ó wo Zella. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó gbé ìrù rẹ̀ sókè. Abẹ́ ìrù náà funfun láú. Gbogbo àwọn ìyókù gbé tiwọn sókè pẹ̀lú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, wọ́n yà kúrò lójú títì, wọ́n gba apá òsì.

"Tẹ̀ lé wọn," Zella wí.

"Kò sí ọ̀nà níbẹ̀! Igbó ni!"

"Delmas, tẹ̀ lé wọn. Jọ̀ọ́."

Ó yí ìdarí. Ó ń retí kùkùté, ó ń retí kòtò. Kò sí kùkùté, kò sí kòtò. Ewé rọ̀ lábẹ́ táyà bí tìmùtìmù, ẹ̀ka igi ń fọwọ́ pa fèrèsé jẹ́jẹ́. Nínú kùrukùru, kò rí nǹkan kan bí kò ṣe àwọn ìrù funfun yẹn, wọ́n ń lọ níwájú bí àbẹ́là. Ìró odò ń bọ̀ láti apá ọ̀tún, ó jìnnà, ó sì ń bínú. Nígbà kan Delmas gbọ́ ohun kan tó ya gààràgà lọ́hùn-ún, bí igi ńlá.  Zella di apá ọkọ rẹ̀ mú.

Táyà tún kan ọ̀dà. Iná ilé ìwòsàn yọ níwájú. Kò sí ìrù kankan mọ́.

Twila, nọ́ọ̀sì tó máa ń tọ́jú Zella, sáré jáde láìwọ kóòtù.

"Báwo lẹ ṣe dé ibí? A ti ń pe ilé yín, ẹ ò gbé e! Afárá ti lọ!"

"Afárá wo?" Delmas béèrè.

"Afárá ìsàlẹ̀ òkè! Odò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lọ ni. Kò sí àmì níbẹ̀, kò sí nǹkan kan, nínú kùrukùru yìí, ẹni tó bá ń bọ̀ kò ní rí i títí yóò fi wà nínú omi. Ọ̀nà wo lẹ gbà? Kò sí ọ̀nà mìíràn láti orí òkè yẹn."

Zella ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀. "A bá ẹbí wa kan pàdé lọ́nà," ó wí, "wọ́n sìn wá wá. Ẹ jẹ́ ká lọ fọ ẹ̀jẹ̀ yìí jàre, òtútù ń mú mi."

Ó bá nọ́ọ̀sì wọlé. Láìpẹ́, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ẹ̀jẹ̀ Zella ń lọ, ó ń bọ̀. Delmas nìkan ló kù níta. Kùrukùru ń ká. Ó gbé ojú wo òkè tí wọ́n ti sọ̀kalẹ̀, ó wò ó títí ọrùn fi dùn ún. Igi ló dúró níbẹ̀ láti òkè délẹ̀, wọ́n sún mọ́ra bí eyín òòyà. Kẹ̀kẹ́ kò lè gba àárín wọn, ká má tíì sọ ti ọkọ̀.

Ó yíjú padà sí ọkọ̀ rẹ̀. Iyọ̀ ti kun ún funfun: ilẹ̀kùn, dígí, bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí ẹni pé wọ́n da ìyẹ̀fun lé e lórí. Bọ́ńpà ike nìkan ló dúdú. Láti etí dé etí, kò sí hóró iyọ̀ kan lára rẹ̀. Ó ń dán, ó rin gbindin, ó mọ́ bí àwo ọbẹ̀ tí ọmọdé lá.

Delmas fi ọwọ́ kàn án.

Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.